Ṣíbí Kan Tó Lé

Aago méjì òru ti kọjá.
Ní Punta Arenas, afẹ́fẹ́ kì í kanlẹ̀kùn;
ó ti tẹ igi àdúgbò wa lọ́rùn síhà kan
bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.
Mo di okùn tí wọ́n ta sẹ́bàá ọ̀nà mú,
mo fi ọwọ́ kejì di àpò mi,
owó alákàn ọ̀sẹ̀ méjì.

Milenka ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ látàárọ̀.
Kì í ṣe ìgbẹ́ mọ́, omi ni,
omi aláwọ̀ ewé tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlédìí jáde.
Yasna wà nílé iṣẹ́ ẹja, ó ń la ikùn sámọ́nì títí di aago mẹ́fà.
Ìyá àgbà ilé kejì ló bá mi jókòó ti ọmọ.

Ilé oògùn kan ṣoṣo ló ṣí lóru yìí.
Agolo tò lórí pẹpẹ bí ọmọ iléèwé lọ́jọ́ àyẹ̀wò:
èyí tí wọ́n yọ ṣúgà wàrà kúrò nínú rẹ̀,
èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe,
èyí tí wọ́n ti bá ọmọ jẹ lẹ́nu kó tó kàn án,
èyí tó ya ewúrẹ́ sára, tí ewúrẹ́ ń rẹ́rìn-ín.
Gbogbo ọmọ orí agolo ló sanra;
kò séyìí tó ń ṣunú nínú wọn.
Mo nawọ́ sí èyí tó wọ́n jù.

"Ẹ fi í sílẹ̀ ná," ni Ìyáàfin Otilia wí.
Ó bọ́ awò ojú, ó fi ìdí bírò họ orí.
"Ó ń sunkún? Omijé ń jáde?
Àwùjẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó jìn wọnú?
Ó ń tọ̀? Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́?"
Mo ń dáhùn bí olè níwájú adájọ́.
Omijé wà. Àwùjẹ̀ ò jìn. Ó ń tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò sí.
"Ṣíbí mélòó lẹ ń bù sínú omi?"

Ibẹ̀ ni ahọ́n mi ti wúwo.
Ọmọ mi kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú,
ó ní ọmọ pẹ́ńgúìnì sanra jù ú lọ, ó sì rẹ́rìn-ín.
Láti ọjọ́ náà, bí Yasna bá ti jáde báyìí,
mo ń bu ṣíbí kan lé e,
ṣíbí kan péré, tó kún tó ga.
Ìfẹ́ ni mo ń pè é.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.
Ó dá agolo olówó ńlá padà sórí pẹpẹ.
"Ó lè jẹ́ ṣíbí yẹn, ó lè jẹ́ kòkòrò;
mi ò ríran wọnú ikùn láti ìdí káúńtà.
Wàrà tó ń mu náà ni kó máa mu, bí agolo ṣe ní kẹ́ ẹ pò ó.
Ẹ má fi kún un, ẹ má sì bomi là á.
Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ padà wá."
Ó ka àpò iyọ̀ àti ṣúgà pẹlẹbẹ mẹ́rin lé mi lọ́wọ́.
"Omi tó hó tó sì tutù. Díẹ̀díẹ̀.
Bí omijé bá gbẹ, bó bá rọ jọwọrọ, ẹ má dé ọ̀dọ̀ mi,
ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e sáré lọ.
Bí kò bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí dókítà rí i láàárọ̀."
Owó rẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì.

Mo ń ṣíbí omi náà sí i lẹ́nu títí ojú fèrèsé fi funfun.
Ó bínú sí mi, ó tutọ́ rẹ̀ dà sí mi láyà,
ó ké, omijé sì ń yí lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ńláńlá.
Mo ń kà wọ́n.

Yasna wọlé, òórùn ẹja lára rẹ̀.
"Kí ló dé tóo ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ń sunkún?"
Mo ní kó jókòó.
Mo gbé agolo wá sáàárín wa,
mo bu ṣíbí kan,
mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú,
mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́.